Ta Ló Ń Wa Bàálù Yìí?

Ìka kan péré. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún. Màmá gbé e lé etí apá bàálù, ó sì ń fà á lọ, díẹ̀díẹ̀, láti ìdí apá náà títí dé ṣóńṣó rẹ̀, bí ọmọ iléèwé tó ń fi ìka ka ìwé. Ó gbé ìka náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó tún wò ó.

“Eruku,” ni Màmá wí.

“Ẹ má bínú, mà.” Bàbá Ìbejì fi apá ẹ̀wù ara rẹ̀ nu ibẹ̀ kíá.

Inú gáréèjì bàálù ni wọ́n wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu sí oòrùn àárọ̀. Bàbá Ìbejì ni olùkọ́. Màmá ni akẹ́kọ̀ọ́. Ì bá má sí wàhálà níbẹ̀ rárá, àmọ́ Màmá yìí náà ló bí ìyàwó Bàbá Ìbejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá Ìbejì ti gba ìwé ẹ̀rí pé ó lè kọ́ni ní bàálù wíwà. Ẹyọ ẹnì kan kò tíì rí kọ́. Ẹni tó bá wọlé, ìbéèrè kan náà ni: “Ta lẹ ti kọ́ rí?” Bó bá ti ń wá èsì, ẹni náà á ti gba ọ̀dọ̀ olùkọ́ mìíràn lọ. Láàárọ̀ yìí ni ọ̀gá iléèwé bàálù wá na fọ́ọ̀mù kan sí i. Fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ mẹ́wàá. “Kí a tó ti ọ́fíìsì lónìí, kí n rí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan níbí, kó sì fọwọ́ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mú kọ́kọ́rọ́ bàálù wá.” Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó pe ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé àpò ọwọ́, ó dé.

Kò sì dé bí òpè. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé kó tó fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá. Kò kọ lu èèyàn rí. Kò kọ lu ẹran rí. Ohunkóhun tó bá ti ní táyà lábẹ́, Màmá kì í fẹ́ gbọ́ àlàyé lórí rẹ̀.

“Màmá, kí a tó wọlé, a máa kọ́kọ́ yí i po, ká wo ibi gbogbo.”

“Ẹ̀ ń sọ fún mi? Àràárọ̀ ni mò ń yí bọ́ọ̀sì mi po. Táyà, iná, abẹ́ ọkọ̀, bóyá ológbò sùn síbẹ̀.”

“Ẹ káre, mà. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Bàálù ò ṣeé pa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ká wá sọ̀kalẹ̀ lọ wo ohun tó ń dún.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, ó fa epo díẹ̀ sínú ife kékeré kan, ó gbé e sókè síbi oòrùn. Ó ṣẹ́jú kan.

“Ẹ ò ní mu ìyẹn, àbí?”

“Rárá o, mà. Mò ń wò ó bóyá omi wà níbẹ̀ ni. Omi máa ń rì sísàlẹ̀ epo. Ẹ́ńjìnnì yìí ò sì mọ omi mu.”

“Bọ́ọ̀sì tèmi, ohun tí mo bá fún un ló ń mu.”

“Òótọ́ ni, mà. Àmọ́ tí bọ́ọ̀sì yín bá kọṣẹ́, orí ilẹ̀ náà ló wà.”

Màmá ronú sí ìyẹn. Ó wo òkè. Ó wo ilẹ̀.

“Ẹ tún un wò,” ni ó wí.

Bàbá Ìbejì tún un wò. Lẹ́yìn náà ó yọ bírò. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo òrùlé. Ó tún wo ìwé.

“Màmá… ọkọ̀ kékeré ni bàálù yìí.”

“Mo rí i.”

“Ó máa ń fẹ́ mọ… irú ẹni tó fẹ́ gbé.”

“Ẹ sọ fún un pé ìyá ìyàwó yín ni.”

“Ó ti mọ ìyẹn, mà. Ó wá ń béèrè bí ẹ ṣe… bí ẹ ṣe jẹ́ èèyàn ńlá tó.”

Màmá rọra gbé àpò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Àna mi. Ṣé kílò mélòó ni mo jẹ́ lẹ̀ ń bi mí?”

“Èmi kọ́, mà! Bàálù ni!”

“Ọgọ́ta.” Ojú Màmá kò ṣẹ́.

Ọgọ́ta. Ó ṣeé ṣe. Lọ́dún tí wọ́n bí ìyàwó rẹ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa. Bàbá Ìbejì kọ ọgọ́ta sílẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ òsì bo ìwé náà, ó kọ nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀.

“Kí lẹ fi kún un yẹn?”

“Àpò ọwọ́ yín ni, mà.”

“Mélòó lẹ kọ?”

“Mẹ́tàlélógún, mà.”

Màmá wo àpò náà. Ó gbé e, ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n wò. Ó tún un gbé.

“Ó jọ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí, ó sì ṣáájú lọ síbi ilẹ̀kùn bàálù.

Àga méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́, bí ẹyin méjì nínú ìtẹ́. Bàbá Ìbejì gbìyànjú láti fa èjìká tirẹ̀ wọnú kó má bàa kan ti ìyá ìyàwó rẹ̀. Kò síbi tí èjìká ń wọ̀ sí.

“Àga òsì ni tiyín, mà. Àga awakọ̀.”

“Ibo ni ǹ bá tún jókòó sí?” Màmá gbá sítíárìn iwájú rẹ̀ mú. Ó wá rí i pé òmíràn wà níwájú Bàbá Ìbejì. Ó dẹwọ́. “Kí ni tọ̀hún yẹn?”

“Ti olùkọ́ ni, mà. Méjèèjì ló so pọ̀. Tí ẹ bá yí tiyín, tèmi náà á yí.”

“Ọkọ̀ kan, sítíárìn méjì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Bí ilé onílé méjì ló rí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa jà.”

“Ìdí tí òfin fi wà nìyẹn, mà. Nínú gbogbo ohun tí a máa kọ́ lónìí, èyí ló ṣe kókó jù. Tí mo bá fẹ́ gbé bàálù fún yín, màá ní, ‘Ọwọ́ yín ló wà.’ Ẹ̀yin á dáhùn pé, ‘Ọwọ́ mi ló wà.’ Èmi á tún ní, ‘Ọwọ́ yín ló wà.’ Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbà yẹn nìkan ni mo tó lè gbé ọwọ́ kúrò.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta? Ṣé adití ni mí ni?”

“Òfin ni, mà.”

“Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ó yẹ kó ní kí Màmá tún un sọ. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ òun fúnra rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ tún un sọ kí ẹ́ńjìnnì tó dún. Àmọ́ ta ló máa kọjú sí ìyá ìyàwó rẹ̀ kó ní, “Ẹ kà á sókè kí n gbọ́”? Ó gbé e mì.

“Dígí ẹ̀yìn dà?” ni Màmá béèrè.

“Kò sí, mà.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn?”

“Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ń bọ̀, mà. Tẹ́nì kan bá wà nítòsí, àwọn ará ilé gogoro ọ̀hún yẹn á sọ fún wa nínú rédíò.”

“Àwọn tí ò sí nínú ọkọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Fèrè ńkọ́?”

“Kò sí, mà.”

“Rìfáàsì?”

“Kò sí.”

“Tí a bá wá kọjá ibi tí à ń lọ?”

“A máa yí po, mà.”

“Bíréèkì?”

“Ó wà!” Inú Bàbá Ìbejì dùn pé ohun kan tiẹ̀ wà. “Àmọ́ orí ilẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.”

Màmá fa bẹ́líìtì rẹ̀ le sí i.

“Tí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ wa lókè ńkọ́?”

“Bàálù kì í já bọ́ bí òkúta, mà. Ṣé ẹ ti rí àṣá tó na apá, tí kò jù ú? Bó ṣe ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀ nìyẹn. A máa tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kí eré má tán lára rẹ̀, a máa wá pápá gbalasa kan, a máa bà síbẹ̀.”

“Ẹ́ńjìnnì kì í wá ṣe dandan nìyẹn.”

“Ó… ó dára kó wà, mà.”

Ó ṣí ìwé àyẹ̀wò sórí itan, ó ń kà á ní ìlà-ìlà. Ilẹ̀kùn, ó tì. Bẹ́líìtì, ó dè. Epo, ó ṣí. Màmá ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń fi ìka kà á pé ẹni méjì ni òun àti àbúrò rẹ̀.

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n lórí ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n lórí, mà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lórí gan-an ni ìwé náà wà fún. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù á mú un wo gbogbo rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló máa ń fo ìlà.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, Màmá mi orí bí ẹni tó rí nǹkan mú lọ sílé.

Ẹ́ńjìnnì dún. Abẹ̀bẹ̀ iwájú yí, ó yí, ó di òfìfo. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bo etí, ohùn wọn sì ń dún létí ara wọn bí ohùn ẹni tó wà nínú ìkòkò.

“Ọwọ́ lẹ máa fi ti tọ́tù, mà. Irin dúdú tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní eré yẹn. Ẹ rọra tì í.”

Màmá tì í. Bàálù gbéra, ó ń yí lọ lórí kọnkéré. Ọ̀nà yà sí ọ̀tún. Màmá yí sítíárìn sí ọ̀tún. Bàálù ń lọ tààrà. Màmá tún yí i, ó yí i dé ibi tó lè dé. Bàálù ń lọ tààrà.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wa mọ́tò rí ló ń ṣe é. Lórí ilẹ̀, sítíárìn bàálù, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, irin ìtẹ̀ méjì nísàlẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí olùkọ́ sọ.

“Màmá,” ni Bàbá Ìbejì wí, “tí kò bá ní jẹ́ ìnira fún yín, tí ẹ bá sì rí àyè rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti ń wakọ̀ kí n tó mọ ọkọ̀ wà, ẹ jọ̀wọ́, tí ara yín bá gbà á, ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ ọ̀tún—”

Gbìì. Koríko.

“Kí lẹ̀ ń sọ bọ̀?”

“…tẹ irin yẹn, mà.”

Ohùn kan láti ilé gogoro béèrè létí wọn bóyá wọ́n ń wá nǹkan nínú koríko ni.

“Ẹ sọ fún un kó máa wo iwájú ara rẹ̀,” ni Màmá wí.

Bàbá Ìbejì ló wà á jáde kúrò nínú koríko. Òun ló wà á dé ojú ọ̀nà tí bàálù fi ń gbéra. Òun ló ti tọ́tù síwájú tán pátápátá. Ẹ́ńjìnnì han. Ọ̀nà ń sá wọ abẹ́ wọn, ó ń sá, ó ń sá, táyà ń gbá a pá-pá-pá, lẹ́yìn náà, pá kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Ilẹ̀ jáwọ́ lára wọn.

“Háà,” ni Màmá wí.

Òrùlé. Òrùlé. Aṣọ tí ẹnì kan sá sẹ́yìn ilé. Ọ̀nà kan tó lọ́ bí okùn tí wọ́n jù sílẹ̀, bọ́ọ̀sì iléèwé kan sì wà lórí rẹ̀, kò ju ìgbín lọ.

“Eré rẹ̀ ti pọ̀ jù,” ni Màmá wí. “Ta ni wọ́n gbé bọ́ọ̀sì yẹn fún?”

“Ẹ má wo ìsàlẹ̀ jù, mà. Iwájú. Ẹ wo ìlà tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ yẹn. Tí imú bàálù bá ti jìnnà sí ìlà yẹn bó ṣe wà yìí, à ń lọ déédéé. Ojú síta, ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Iṣẹ́ wa ò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gbá a mú bí ẹni tó rì sómi. Bí ẹni di ẹyin mú ni, ìka méjì péré.”

“Ẹni tó bá di bọ́ọ̀sì mú bí ẹyin, inú kòtò ló máa sùn.”

“Bàálù mọ̀nà ju bọ́ọ̀sì lọ, mà. Ó fẹ́ fò. Wàhálà tiwa ni kì í jẹ́ kó fò.”

Ó yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó wà láàárín àga méjèèjì, ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, títí bàálù fi rọ̀ wọ̀ọ̀, tó ń lọ geerege, tí kò fì sọ́tùn-ún, tí kò fì sósì. Ó mí kanlẹ̀. Àsìkò tó.

“Ọwọ́ yín ló wà, mà.”

Màmá ò wò ó. Ọwọ́ méjèèjì ló fi di etí àga mú.

“Háà, rárá o. Ọwọ́ yín ló yẹ ẹ́, àna mi.”

“Èmi kẹ̀, mà! Níwájú yín? Ọwọ́ yín ló wà.”

“Ẹ ṣeun, àna mi. Ọlọ́run á bù kún yín.”

Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí kó sún mọ́ ọn. Bàbá Ìbejì gbà pé ẹni tó ní “ẹ ṣeun” ti gbà á nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó gbé e lé orúnkún. Ó tiẹ̀ tún kọjú sí fèrèsé ọ̀tún, nítorí kò yẹ kéèyàn máa ranjú mọ́ ọwọ́ àgbà bí ẹni pé àgbà máa jí nǹkan.

Bàálù ń lọ. Kò gbọ̀n. Ìkùukùu kékeré kan kọjá, ó dà bí òwú tó jábọ́ lára aṣọ.

“Ẹ mà ń wà á dáadáa o, mà!”

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á dáadáa, àna mi.”

“Ìrẹ̀lẹ̀ yín pọ̀ jù.”

“Tiyín ló pọ̀. Kò tiẹ̀ gbọ̀n rárá. Ó dà bíi pé èèyàn jókòó sí pálọ̀.”

“Ẹlòmíì á kọ́ ọ fún oṣù méjì, mà, kò ní rí bẹ́ẹ̀.”

“Mo gbà yín gbọ́. Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ fún ìyàwó yín láti ọjọ́ yìí pé ọmọ yìí, ọwọ́ rẹ̀ máa mọ iṣẹ́.”

Orí Bàbá Ìbejì wú. Ọdún mẹ́sàn-án tó ti fẹ́ ọmọ obìnrin yìí, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín sí fèrèsé.

“Ṣé ẹ mọ̀,” ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, “láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ò mọ ohun tó máa dì mú. Tí mo bá jókòó, etí tábìlì ni mo máa dì mú. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yín bá mi nínú ilé ìdáná, mo di ọmọrí ìkòkò mú lọ́wọ́ méjèèjì, mò ń yí i. Ó ní, ‘Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?’”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àmọ́ ọwọ́ yín ti wá rí nǹkan dì mú báyìí.”

“Kò tíì rí o.”

“Kò tíì rí?”

“Bóyá nígbà tá a bá ń padà bọ̀. Ẹ gba súìtì.”

Bàbá Ìbejì yíjú padà láti gba súìtì. Ọwọ́ ọ̀tún Màmá ló nà án sí i. Ó ṣe dáadáa. Ọwọ́ òsì Màmá wà nínú àpò ọwọ́, ó ń wá òmíràn. Ìyẹn náà dáa.

Ó kà wọ́n. Ọ̀tún, òsì. Ó wo orúnkún ara rẹ̀. Ọ̀tún, òsì. Ọwọ́ mẹ́rin. Kò sí ìkarùn-ún.

“Màmá.”

“Àna mi.”

“Ta ló ń wa bàálù yìí?”

“Ẹ̀yin kọ́?”

“Ẹ̀yin kọ́?”

Àwọn méjèèjì wo sítíárìn. Sítíárìn méjèèjì mì díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń mi orí sí ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́.

“Láti ìgbà wo?” ni Màmá béèrè, ohùn rẹ̀ ò ju òwú lọ.

“Láti ‘Ọlọ́run á bù kún yín.’”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Kẹ̀kẹ́ kékeré àárín àga ti mú un dúró déédéé; ọkọ̀ náà ì bá máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí epo fi máa tán. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Bàbá Ìbejì gbá sítíárìn mú. Màmá gbá sítíárìn mú. Súìtì fò lọ síbi tí súìtì ń fò lọ sí. Màmá yí i sí òsì, bí ẹni tó fẹ́ gbé bọ́ọ̀sì kúrò lójú ọ̀nà. Bàbá Ìbejì yí i sí ọ̀tún. Bàálù mi apá bí adìẹ tó bọ́ sómi. Màmá bá fà á mọ́ àyà, bí awakọ̀ ṣe ń ṣe tí ẹ̀rù bá bà á. Imú bàálù kọjú sí ọ̀run. Eré ń tán lára rẹ̀. Lókè orí wọn, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí han fíìììn.

“Ẹ ní ọkọ̀ yìí ò ní fèrè!”

“Kì í ṣe èyí tí àwa ń fun, mà! Ọkọ̀ ló ń fun ún fún wa! Imú ti ga jù!”

“Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?”

“Màmá, tí kò bá ní jẹ́ ìnira fún yín—”

Fíìììn.

“Tí ara yín bá gbà á—”

Imú tún ga sí i. Ojú ọ̀run nìkan ló kù nínú gíláàsì. Kò sí ìlà mọ́. Kò sí ilẹ̀.

“FI SÍLẸ̀!”

Màmá fi sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì gbọnrangandan lókè, bí ẹni tí olè yọ ìbọn sí.

“Ọwọ́ mi ló wà!”

“Ọwọ́ yín ló wà,” ni Màmá wí, ní ohùn ọmọ iléèwé.

“Ọwọ́ mi ló wà!”

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó pé, kò lé, kò dín. Bàbá Ìbejì ti imú bàálù wálẹ̀. Ìlà ojú ọ̀run gòkè wá sáàyè rẹ̀. Eré padà. Fèrè dákẹ́.

Nígbà náà ni Bàbá Ìbejì tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Fi sílẹ̀. Sí ìyá ìyàwó. Kò fi “jọ̀wọ́” ṣáájú, kò fi “mà” tẹ̀ lé e, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nínú ọgbà. Ó rí fọ́ọ̀mù lórí tábìlì ọ̀gá, tí kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó káwọ́ lérí. Ó yí bàálù po. Òrùlé tún padà wá, aṣọ tí wọ́n sá, ọ̀nà, kọnkéré. Ó bà á sílẹ̀ fẹ́ẹ́, bíbà tó dára jù tó ti bà rí láyé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yìn ín.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Abẹ̀bẹ̀ yí, ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó yí gba iwájú, ó ṣílẹ̀kùn fún Màmá, ó sì kúnlẹ̀ gbì lórí kọnkéré.

“Màmá, mo bẹ̀ yín.”

“Ẹ dìde. Orí epo lẹ kúnlẹ̀ sí.”

“Mo jágbe mọ́ yín, mà.”

“Mo gbọ́. Inú etí mi méjèèjì ló ti dún.”

“Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé, mà.”

“Tí kò bá ní ṣẹlẹ̀ mọ́, mi ò ní padà wá.”

Bàbá Ìbejì gbójú sókè. Kò yé e.

Màmá sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì. Ó tẹ kọnkéré wò bóyá ó ṣì le.

“Láti àárọ̀ lo ti ń bẹ̀ mí,” ni ó wí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, “ẹ” ló ń pè é; “o” àkọ́kọ́ nìyí. “O bẹ̀ mí títí a fi wọ koríko. O bẹ̀ mí títí a fi fẹ́ kan ọ̀run. Gbọ́ mi. Ogójì ọmọ ló máa ń wà nínú bọ́ọ̀sì mi. Tí ọ̀kan bá yọ orí síta lójú fèrèsé, ṣé màá ní, ‘Jọ̀wọ́, ọkọ mi, tí kò bá ní jẹ́ ìnira fún ẹ’? Bọ́lẹ̀kájà ń bọ̀ níwájú! ‘Orí ẹ!’ ni mo máa ń sọ. Orí á wọlé. Tí orí bá ti wọlé tán, a wá lè kí ara wa dáadáa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Èmi náà jẹ̀bi. Ẹ̀rù ló bà mí lókè, mo wá ń fi ọ̀wọ̀ àna bò ó mọ́lẹ̀.”

“Ẹ̀rù? Ẹ̀yin?”

“Àkàbà onígbésẹ̀ mẹ́ta wà nílé mi. Mi ò gùn ún kọjá èkejì rí.” Ó gbọn aṣọ rẹ̀. “Àmọ́ ìgbà tí mo di nǹkan yẹn mú, tí ó fẹ́ pa wá yẹn… ọwọ́ mi ò tíì gbádùn tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù kan. Fọ́ọ̀mù yẹn dà?”

Bàbá Ìbejì fà á yọ nínú àpò. Màmá gbé e lé orí imú bàálù, ó kà á láti òkè délẹ̀, kò fo ìlà kan. Ó fọwọ́ sí i. Ó dúró, ó gbé bírò sókè.

“Ohun kan ló kù.”

“Kí ni, mà?”

“Ìyàwó ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ pé a lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lójú ọ̀run, tí kò sẹ́ni tó ń wakọ̀.”

“Kò ní gbọ́, mà.”

“Sọ fún un pé èmi ni mo wà á.”

“Ṣùgbọ́n Màmá, kò sẹ́ni tó—”

“Ìwọ lo sọ pé àga òsì ni ti awakọ̀. Ọkọ̀ lọ tààrà, àbí kò lọ tààrà?”

“Ó lọ tààrà, mà.”

“Ta ló jókòó sí òsì?”

Bàbá Ìbejì mú fọ́ọ̀mù lọ bá ọ̀gá kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì. Kò dá kọ́kọ́rọ́ padà. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó sì ń jágbe mọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́sàn-án títí di mẹ́wàá.